Àga Tí Mo Gbẹ́ Bí Ẹsẹ̀ Ìyá Mi

Ìdí igi ni wọ́n máa ń gé jù nù ní sọ́míìlì tó wà létí ọ̀sà ní Èbúté Mẹ́ta. Ibi tí igi ti ń fẹ̀ kó tó wọlẹ̀, tí gbòǹgbò ti ń yọ jáde lára rẹ̀, ayùn ńlá kò lè là á sí pákó tó tọ́. Wọ́n á gé e kúrò, wọ́n á yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn tó ń ta igi ìdáná á wá kó o. Mo máa ń lọ síbẹ̀ nígbà tí mo lóyún, torí lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn ń dà sílẹ̀ ni mo fi ń dáná. A máa ń rọ́ ọ kún inú agolo, a dá ihò sí i láàárín, a ṣáná sí i. Ó máa ń jó pẹ́. Mo lè se ìrẹsì kí n tún gbé omi ìwẹ̀ kaná lórí rẹ̀, kí n sì jókòó tì í, kí n máa wò ó bí ẹni tó ní àlejò.

Ọjọ́ tí mo rí ìdí igi ọ̀gànwó náà, oyún mi ti tó oṣù keje, ẹsẹ̀ mi wú, mo ń wá ibi tí mo lè jókòó sí. Ó dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó pupa níbi tí ayùn ti gé e. Gbòǹgbò méjì na jáde lára rẹ̀ síwájú, wọ́n gùn, wọ́n rọra tẹ̀ láàárín bí orúnkún ṣe máa ń tẹ̀, àlàfo kan sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Mo dúró. Mo mọ ẹni tó máa ń jókòó báyẹn.

Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹnikẹ́ni bá bímọ ládùúgbò, màmá mi ni wọ́n máa ń pè. Màmá á gbé àpótí sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á ká ìró sókè, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, wọ́n á wá tẹ́ ọmọ tuntun sórí ojúgun wọn. Omi gbígbóná á wà lápá ọ̀tún, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn á wà lápá òsì. Wọ́n á wẹ ọmọ, wọ́n á nà án lápá, wọ́n á nà án lẹ́sẹ̀, wọ́n á yí i dojú bolẹ̀, wọ́n á fi omi tẹ̀ ẹ́ nídìí, wọ́n á jù ú sókè díẹ̀, ọmọ á figbe ta, àwọn obìnrin á máa rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ iye ọmọ tí ẹsẹ̀ yẹn ti gbé. Tèmi nìkan ni wọ́n sọ pé àwọn ò ní í gbé.

Ọ̀rọ̀ náà ò gùn. Mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, Màmá fẹ́ kí n lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èmi sì mú ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun wá sílé. Wọ́n ní ọkùnrin tó jẹ́ pé omi ló ń gbé e kiri kì í ṣe ọkọ. Mo ní èmi ni mo fẹ́ ẹ. Wọ́n ní, "Ó dáa. Bí o bá bímọ, má ránṣẹ́ pè mí. Kí omi bá ọ wẹ̀ ẹ́." Bàbá mi ti kú nígbà yẹn, kò sí ẹni tó lè dá sí i. A ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù. Ọkọ mi gba yàrá kan àti pálọ̀ fún wa ní Yábàá, lọ́nà Ìwáyà. Oyún mi ò tíì hàn dáadáa tó fi wọ ọkọ̀ òkun lọ. Ọkùnrin dáadáa ni, ẹ má ṣì mí gbọ́. Kò kàn sí nílé ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sórí igi náà nínú ẹrẹ̀, tí mo na ẹsẹ̀ mi tó wú sí ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò méjèèjì. Àwọn tó ń yí gẹdú rí mi.

"Ìyàwó, ẹ dìde níbẹ̀ o! Igi ìdáná ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì ọsibítù!"

"Ẹ fi í sílẹ̀, ó fẹ́ bímọ sí sọ́míìlì wa ni."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti àárọ̀, àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀. Mo bi wọ́n bóyá mo lè gbé ìdí igi náà lọ, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ, bí mo bá lágbára ẹ̀. Ọlọ́mọlanke kan ló bá mi fà á dé Yábàá, èmi sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tó ń sìnkú.

Iwájú ilé wa ni kápẹ́ńtà kan ní ṣọ́ọ̀bù sí. Múṣin ló ń gbé, Yábàá ló ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń tà nígbà yẹn ni àga onítìmùtìmù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, tábìlì tí wọ́n lẹ fọ́míkà dídán mọ́ lórí, àti rúùmù dífáídà tí àwọn èèyàn ń to àwo àti rédíò sí láàárín pálọ̀. Gbogbo ẹ̀ ló tọ́, gbogbo ẹ̀ ló ní igun. Nígbà tí ọlọ́mọlanke já ẹrù mi sílẹ̀ níwájú ẹ̀, ó fi ìfági ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyàwó, kí nìyí?"

"Mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi ṣe àga ni, Bọ̀dá."

"Àga? Èwo ni apá, èwo ni ẹ̀yìn? Nǹkan yìí ń rákò ni!"

"Ẹ jẹ́ kó máa rákò. Ibi tí èèyàn á jókòó sí nìyí. Ẹsẹ̀ nìyí."

"Ẹsẹ̀ méjì? Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni àga máa ń ní, títí dé ilé gómìnà."

"Ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó ni mo ń sọ, kì í ṣe ẹsẹ̀ àga."

Ó wò mí, ó wo ikùn mi, ó tún wo igi náà. "Síkúwíà ni mo fi ń ṣiṣẹ́ o. Nǹkan tí kò ní igun, ibo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n?"

Mo ní kó má wọ̀n ọ́n, pé èmi á yà á. Yíyàwòrán ni mo mọ̀ jù nílé ìwé. Tíṣà wa máa ń gbé ewé kókò sórí tábìlì, tàbí òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí ìkarahun ìgbín, á ní ká yà á títí a ó fi rí i. Láti ìgbà náà ni ojú mi ti ń rí i pé ohun tó bá hù látinú ilẹ̀ kì í ní igun. Mo mú èédú, mo fa ilà sára igi náà: ibi tí ó máa fi àáké gé, ibi tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ̀yìn àga náà, mo fẹ́ kó ga díẹ̀, kó fẹ̀ bí ewé kókò, kó sì rọra tẹ̀ sẹ́yìn níbi tí ewé náà máa ń tẹ̀ bí òjò bá ti kún inú ẹ̀. Ìjókòó náà á wà nísàlẹ̀. Láàárín gbòǹgbò méjèèjì, mo fẹ́ ibi jínjìn kan tó lè gba ọmọ, tí omi á máa ti ibẹ̀ ṣàn lọ sí ìparí.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkùnsínú. Ó máa ń gé fún ìgbà díẹ̀, á dúró, á rìn yípo rẹ̀. "Bí èèyàn bá kọjá, tó bá bi mí pé kí ni mò ń ṣe, màá ní ìwọ lo ní í o." Àwọn èèyàn sì ń bi í lóòótọ́. Ọ̀kan ní ọkọ̀ ojú omi ni. Ọ̀kan ní ọ̀nì tí wọ́n ti bẹ́ lórí ni. Mo máa ń jókòó sórí pákó níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, torí ó sàn ju inú yàrá lọ.

Ojúgun ló le jù. Mo máa ń di ojú mi, kí n rántí. Mo mọ̀ pé ojúgun màmá mi mú níwájú, ó sì fẹ̀ lápá inú níbi tí orí ọmọ máa ń sùn sí. Mo mọ̀ pé ti apá òsì ga díẹ̀ ju ti apá ọ̀tún, torí wọ́n ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Mo sọ fún kápẹ́ńtà pé kó fi òsì sílẹ̀ kó ga.

"Wọn ò dọ́gba nìyẹn," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà."

"Ta ni wọ́n?"

Mo mú èédú, mo tún ilà náà fà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é dáadáa nígbà yẹn, mi ò fẹ́ kó máa káàánú mi. Nígbà tó gbẹ́ ẹ tán, èmi ni mo fi sánpépà fá a. Mo fá a títí ìka mi fi ń tàn. Ọmọ máa ń yí nínú mi bí mo bá ti ń fá a, bóyá ariwo ẹ̀ ló ń gbọ́.

Bàbá kan tó ní ilé iṣẹ́ ní Ìlúpéjú wá gba tábìlì tó ní kí wọ́n bá òun ṣe, ó rí i. Ó tẹ̀ ba lórí ẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á. Ó ní òun fẹ́ ẹ, òun á gbé òdòdó sí i ní pálọ̀ òun. Kápẹ́ńtà wò mí. Mo ní kì í ṣe títà. Ọkùnrin náà ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo ní mo fẹ́ máa fi wẹ ọmọ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wọ mọ́tò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kápẹ́ńtà ti ń gbé pépà fún mi. Títí di òní tí mò ń kọ èyí, èmi ni mò ń ya àwọn kan fún un: tábìlì tí ẹsẹ̀ ẹ̀ dà bí olú, àga tí ẹ̀yìn ẹ̀ ká bí ìkarahun ìgbín. Kì í yá títà. Àwọn tó bá sì rà á, wọn kì í jókòó sórí ẹ̀.

Ó fẹ́ fi fánìṣì kùn ún. Ó ní igi tútù ni, bí ọyẹ́ bá dé, á là, àyàfi bí nǹkan bá wà lára ẹ̀. Mo gbóòórùn fánìṣì náà, mo ronú nípa awọ ọmọ, mo ní rárá. Kí ni a máa ń fi pa ọmọ tuntun lára kí awọ ẹ̀ má bàa gbẹ? Àdí àgbọn àti osùn. Mo po osùn mọ́ àdí, mo fi pa igi náà látòkè délẹ̀. Ó mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ. Nígbà tó gbẹ, ó pupa rokoṣo, ó ń dán.

Èmi nìkan ni mo lọ bímọ. Kápẹ́ńtà ló bá mi dá takisí dúró, ó ní kí Ọlọ́run sọ̀ mí láyọ̀, ó padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Nílé ìbímọ, bẹ́ẹ̀dì tó wà lápá ọ̀tún mi kún fún àwọn ẹ̀gbọ́n, àwọn àǹtí àti ìyá ọkọ, wọ́n ń jà nítorí ẹni tó máa gbé ọmọ. Mo kọjú sí ògiri. Ọmọbìnrin ni mo bí. Mo gbé e wálé nínú aṣọ òtútù ọkọ mi, kò sí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà láti wo ohun tí mo gbé.

Mi ò rọ lẹ́sẹ̀, mo lè na ẹsẹ̀ tèmi. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ọmọ náà lé e, ńṣe ni màá máa rò pé ó fẹ́ já bọ́. Lórí igi náà, ó sùn sílẹ̀ bí ẹni tó ti mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo jókòó sórí ìjókòó, ẹsẹ̀ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti igi, mo wẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe rí i tí Màmá ń ṣe é. Ìparí ìwẹ̀ náà ni mo sunkún, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Bí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán láràárọ̀, màá fún un lọ́mú, màá tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Màá wá padà sí ẹ̀yìnkùlé láti fọ àga náà, torí bí ọṣẹ dúdú bá dúró nínú ibi jínjìn rẹ̀, igi á ṣú. Màá fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, màá nù ún, màá tún fi àdí àti osùn pa á. Màá sì máa sọ̀rọ̀.

"Màmá, ìwọ́ ẹ̀ ti já lónìí o. Màmá, ó mu ọmú dáadáa. Màmá, orí ẹ̀ ti ń gún díẹ̀, àbí ojú mi ni?"

Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

Òkè ilé wa ni àgbà obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Tíṣà ń gbé. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé, ẹnu wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Fèrèsé wọn kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan gbé abọ́ ẹ̀wà rírò sẹ́nu ọ̀nà mi. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀wà mìíràn tún dé. Ìyá tó ń ta aṣọ, ará ìlú wa tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi pọn omi. Àwọn obìnrin ilé á dúró, wọ́n á ní "pẹ̀lẹ́ o," wọ́n á wolẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ìyá ọmọ tuntun lÉkòó nìyẹn. Mo jẹ ẹ̀wà náà, mo sì láyọ̀. Mi ò ní í purọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni Àǹtí Tíṣà fúnra wọn kan ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó, mo ní kí n yọjú sí yín."

"Ẹ ṣé, Àǹtí. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"Mi ò pẹ́. Mo hun fìlà ni." Wọ́n yọ fìlà olówùú kékeré méjì jáde, aláwọ̀ iyeyè, bákan náà ni wọ́n rí.

"Háà, Àǹtí! Méjì! Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀kan á wà lórí, ọ̀kan á wà lórí okùn."

Ojú wọn kún fún omi. "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó mi. Bó o bá ṣe fẹ́ wí i la ó máa wí i."

Wọ́n fi fìlà kan sórí ọmọ mi. Wọ́n mú èkejì, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àga náà, wọ́n rọra fi fìlà kọ́ ṣóńṣó ẹ̀yìn rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́ o," ni wọ́n wí fún un.

"Àǹtí, kí lẹ ń ṣe?"

"Má bínú. Ọmọ ìjọ ni mí, ṣùgbọ́n mi ò bá ọ wí. Ìyá ìyá mi náà tọ́jú tiwọn títí wọ́n fi dàgbà. Ìgbà wo ló lọ?"

"Ta ló lọ?"

"Ìkejì rẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo tó wo àga mi bí ẹni tó wà lójú fèrèsé òkè ṣe ń wò ó. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n máa ń gbẹ́ ère fún un. Ìyá ẹ̀ á máa wẹ ère náà, á máa fi osùn pa á, á máa bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣe fún èyí tó wà láàyè. Kò sì sí ẹni tó bá mi lọ bímọ, kò sí ẹni tó mọ iye tí mo bí.

"Àǹtí, ọmọ kan ni mo bí. Àga nìyí."

"Àga."

"Àga ìwẹ̀ ọmọ ni. Èmi ni mo yà á, kápẹ́ńtà iwájú ilé ló gbẹ́ ẹ."

"Àga tó ò ń wẹ̀ láràárọ̀? Tó ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Màmá mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Háà, màmá rẹ ló kú?"

"Rárá o. Wọ́n wà ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Àǹtí tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n yọ fìlà náà kúrò lórí àga, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n dì í mú fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá tì í sí mi lọ́wọ́. "Tọ́jú ẹ̀ fún èyí tó bá tún dé," ni wọ́n wí, wọ́n sì gòkè lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀wà ò dé mọ́. Kò sí ẹni tó bínú sí mi. Wọ́n kàn padà sí bí wọ́n ṣe wà: "ẹ káàárọ̀," "ẹ kú ilé," ó parí. Ní tèmi, ìdákẹ́jẹ́ náà ò tètè mọ́ mi lára mọ́.

Ṣùgbọ́n ìyá aláṣọ ti gbé ìròyìn ìbejì náà lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí òótọ́ tó tàn ká. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń sá aṣọ, mo gbóhùn kan lẹ́nu ọ̀nà tó ń bèèrè "ìyàwó ọlọ́kọ̀ òkun." Mo já aṣọ sílẹ̀. Màmá mi ni. Wọ́n wé gèlè dúdú, àpò ẹ̀wà wà lórí wọn, adìyẹ kan wà lábẹ́ apá wọn. Mo kúnlẹ̀. Wọn ò kí mi. Wọ́n wọlé tààrà dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo ọmọ.

"Èwo ló kù? Àkọ́dé ni àbí àtẹ̀lé?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Mo bi ọ́ léèrè!"

"Ọmọ kan ni mo bí, Màmá. Kò sí ẹni tó kú. Wọ́n ṣì í rò ni."

Wọ́n wò mí. Adìyẹ bọ́ lábẹ́ apá wọn, ó sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n jókòó sórí àpò ẹ̀wà.

"Kò sí ẹni tó kú?"

"Kò sí."

"Mo ti ń sunkún bọ̀ láti Ọ̀yọ́. Mo sun ún kọjá Ìbàdàn. Gbogbo ọkọ̀ ń bẹ̀ mí. Ta ló máa dá ẹkún mi padà fún mi?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mi ò jẹ́ kó jáde. Ẹ̀rù ló ń bà mí, pé wọ́n á dìde, wọ́n á gbé ẹrù wọn, wọ́n á ní àwọn ò wá kí ẹni tí ọmọ ẹ̀ ò kú. Wọ́n sì dìde lóòótọ́. Wọ́n ká ìró wọn.

"Gbé omi kaná," ni wọ́n wí. "Ọmọ yìí ò mọ́ lọ́rùn."

Mo gbé omi kaná. Wọ́n ní kí n gbé àpótí wá sí ẹ̀yìnkùlé, mo gbé e wá. Wọ́n fẹ́ jókòó, orúnkún wọn ò gbà. Wọ́n tún gbìyànjú, wọ́n di ògiri mú, wọ́n mí kanlẹ̀. Mo na ọwọ́, wọ́n ní kí n má dì wọ́n mú. "Láti ìgbà òjò tó kọjá ni," ni wọ́n wí, kì í ṣe fún mi, fún ògiri. Ojú wọn lọ sára àga náà, wọ́n mú un kúrò, ó tún lọ síbẹ̀.

"Sún nǹkan yẹn wá."

Ó ga ju àpótí lọ, ó ní ibi tí wọ́n lè fi ẹ̀yìn tì. Wọ́n jókòó sí i, mo gbé ọmọ fún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́, ọwọ́ wọn ń yára, ọmọ ń ké bí kò ṣe ké fún mi rí. Wọ́n dúró lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra gbòǹgbò apá òsì.

"Eléyìí ga ju èkejì lọ. Kápẹ́ńtà rẹ ò mọṣẹ́."

"Bó ṣe wà lára yín nìyẹn, Màmá."

Omi ọwọ́ wọn ń kán sílẹ̀. Wọ́n wo ẹsẹ̀ tiwọn, wọ́n wo ti igi. Tiwọn ti gbẹ, ó ti tín-ín-rín. Mi ò mọ̀ kí n tó rí i báyẹn. Wọ́n bu omi sórí ọmọ, wọ́n ń bá ìwẹ̀ lọ.

Wọ́n dúró tì mí títí ọmọ fi ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn. Ilé kún fún ariwo, adìyẹ náà di obẹ̀, gbogbo ará ilé wá kí wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. "Sọ fún ìyá rẹ pé omi ti tutù." "Sọ fún un pé ata pọ̀ jù." Bó bá ku èmi àti wọn nìkan, tí ọmọ bá sùn, a máa ń dákẹ́ ni. Wọn ò bèèrè ọkọ mi. Èmi náà ò bẹ̀bẹ̀. Mo ní ìyá nínú yàrá kan náà, mo sì tún ń sọ ọ̀rọ̀ sínú bí ìgbà tí mi ò ní.

Ní àárọ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ, wọ́n ń di ẹrù, wọ́n sọ fún ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ ti lóyún nílé, àwọn á máa wẹ ọmọ ìyẹn náà. Wọ́n ní orúnkún àwọn ò ṣeé fi jókòó sílẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àga yẹn dáa fún ẹ̀yìn. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó dùn mí, kí n má tan ara mi. Mo ronú ìdí tí wọ́n fi máa gbé e lọ fún ọmọ ẹlòmíràn, èmi tí mi ò ní nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n mo ní, "Ẹ máa gbé e lọ, Màmá." Wọ́n ní, "Ó wúwo." Mo ní màá wá ẹni tó máa gbé e.

Gáréèjì Múṣin ni wọ́n ti wọkọ̀. Dírẹ́bà rí àga náà, ó fẹ́ máà gbé e.

"Màmá, kí nìyí? Òrìṣà ni? Mi ò gbé òrìṣà sórí ìrẹsì ẹlòmíràn o."

"Òrìṣà ilé bàbá rẹ! Àga ni."

"Àga wo ló pupa báyìí, tó na ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń jẹun?"

"Ọmọ mi ló ṣe é."

"Ọmọ yín kápẹ́ńtà ni?"

"Ọmọ mi obìnrin. Òun ló yà á, òun ló fá a. Òun nìyẹn." Wọ́n nawọ́ sí mi láìwẹ̀yìn. "Ìyá ọmọ tó dúró yẹn. Ọmọ mi ni."

Àwọn èrò inú ọkọ̀ yọrí, wọ́n wò mí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúró. Àwọn ọmọ gáréèjì so àga náà mọ́ òkè ọkọ̀, wọ́n bá màmá mi gun ọkọ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Màmá mi ò wo ẹ̀yìn. Wọ́n ń ṣàlàyé fún obìnrin tó jókòó tì wọ́n bí a ṣe ń fi nǹkan náà wẹ ọmọ, ọwọ́ wọn ń lọ sókè sódò. Mo rí i títí ọkọ̀ fi yà.

Mo dúró sí gáréèjì náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ ti sùn lẹ́yìn mi. Obìnrin kan tó ń bó ọsàn bi mí pé ta ni mò ń retí. Mo ní mi ò retí ẹnì kankan. Ó ní kí n jókòó ti òun bó bá rẹ̀ mí. Mo jókòó.